Òṣùwọ̀n Tí Ó Ń Ṣọ́ Orin Rigveda

Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí odò Indus àti àwọn odò tí ń dà sínú rẹ̀ ti ń ṣàn la ilẹ̀ Punjab kọjá, àwọn ènìyàn kan tẹ̀dó sí láyé àtijọ́, ní ìgbà tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí a tó bí Jésù, àwọn tí màlúù jẹ́ ọrọ̀ fún, tí kẹ̀kẹ́ ogun jẹ́ iyì fún, tí orin ìyìn sì jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá àwọn òrìṣà wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kọrin sí Agni, iná tí ń jó lórí pẹpẹ, ońṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ ayé lọ bá àwọn ará ọ̀run. Wọ́n kọrin sí Indra, akọni ojú ogun, apa-ejò-ńlá tí ó tú omi sílẹ̀ fún ayé. Wọ́n kọrin sí Soma, ewéko tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ mu, tí wọ́n sì tún ń bọ bí òrìṣà. Wọ́n kọrin sí Ushas, ìyá òwúrọ̀, arẹwà tí ń mú ẹ̀dá darúgbó ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbó. Orin 1,028 ni ó kù lọ́wọ́ ayé nínú orin wọ̀nyí, a pín wọn sí ìwé 10, ẹsẹ tí ó wà nínú wọn sì lé ní 10,500. Àpapọ̀ wọn ni à ń pè ní Rigveda, òun ni ó sì dàgbà jù nínú ohun gbogbo tí ó wà ní èdè Sanskrit.

Àwọn tí ó kọ orin wọ̀nyí kò fi kálàmù kàn ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ṣẹ̀dá wọn, etí ni ọmọ fi gbà á lọ́wọ́ bàbá, ẹnu ni ọmọ náà sì fi gbé e lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìlú Pune, àkójọ ìwé àfọwọ́kọ Rigveda 30 kan wà tí Àjọ UNESCO fi sínú ìwé ìrántí ayé ní ọdún 2007. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn, ọdún 1464 ni a kọ ọ́, èyí tí í ṣe pé ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ ni ó wà láàárín ìgbà tí a dá orin náà àti ìgbà tí a kọ ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ bí ẹyin ni, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àìlóǹkà kọjá fún irú àkókò gígùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe fọ́, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ará gúúsù Íńdíà ń ké ni ará àríwá náà ń ké, tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àfi ti ohùn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tọ́ka sí ìfarabalẹ̀ àwọn olùkọ́ àti sí ẹgba tí wọ́n fi kọ́ ọmọ, òtítọ́ sì wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò sòkòtò ni ó wà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó lágbára jù lọ fún orin náà, inú orin náà gan-an ni ó ń gbé, òun sì ni òṣùwọ̀n tí a fi wọn ìlà àti ẹsẹ rẹ̀, èyí tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní chandas, tí wọ́n sì kà mọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí ẹni tí yóò mọ Veda, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ wọn tí Rigveda wà lára rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́.

Ìpìlẹ̀ òṣùwọ̀n náà ni sílébù. Akéwì Rigveda kì í wá ìró tí yóò bára mu ní ìparí ìlà, kì í sì í ka iye ọ̀rọ̀. Sílébù ni ó ń kà. Ìlà tí ó ní sílébù mẹ́jọ wà, èyí tí ó ní mọ́kànlá wà, èyí tí ó ní méjìlá sì wà. Àwọn mẹ́ta yìí ni òpó ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rí ìlà onísílébù márùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá to ìlà onísílébù mẹ́jọ mẹ́ta pọ̀, ẹsẹ tí à ń pè ní Gayatri nìyẹn, sílébù 24. Bí a bá fi ìlà kan kún un, ó di Anushtubh, sílébù 32; bí a bá tún fi òmíràn kún un, ó di Pankti, sílébù 40. Ìlà onísílébù mọ́kànlá mẹ́rin ni Trishtubh, sílébù 44. Ìlà onísílébù méjìlá mẹ́rin ni Jagati, sílébù 48. Àwọn akéwì náà a sì tún máa po kúkúrú mọ́ gígùn: ìlà onímẹ́jọ méjì tí oníméjìlá kan tẹ̀lé ni Ushnih, sílébù 28, bí oníméjìlá bá sì bọ́ sí ipò kẹta láàárín onímẹ́jọ mẹ́ta, Brihati ni, sílébù 36. Nígbà tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ to méjèèje yìí láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó tóbi jù, wọ́n rí i pé mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ, láti 24 títí dé 48, inú wọn sì dùn sí ètò yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kà á sí ohun mímọ́, tí ìtàn ìgbà ẹ̀yìn sì fi wí pé ẹṣin méje tí ń fa kẹ̀kẹ́ oòrùn, òṣùwọ̀n méje yìí ni.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni a ń lò dọ́gba. Trishtubh ni baba wọn nínú Rigveda; bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ẹsẹ tí ó wà nínú rẹ̀, òun ni a fi kọ wọ́n. Gayatri ni ó tẹ̀lé e, tí ó gba bí ìdámẹ́rin, òun ni a sì fi kọ orin àkọ́kọ́ pàá nínú ìwé kìíní, orin ẹlẹ́sẹ mẹ́sàn-án tí a fi ki Agni.

Kíka iye nìkan kò tó, nítorí pé sílébù Sanskrit ní ìwọ̀n, òmíràn fúyẹ́, òmíràn wúwo. Èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú, tí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo sì tẹ̀lé e, ni ó fúyẹ́; èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn wúwo, èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n tí kọ́ńsónáǹtì méjì já lù ú lẹ́yìn sì wúwo bákan náà. Nínú ìlà onísílébù mẹ́jọ, mẹ́rin àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òmìnira, kí akéwì to ìfúyẹ́ àti ìwúwo bí ó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ mẹ́rin ìkẹyìn, ọ̀nà di tóóró: fúyẹ́, wúwo, fúyẹ́, lẹ́yìn náà èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá, tí a gbà kí ó fúyẹ́ tàbí kí ó wúwo. Ìlà onímọ́kànlá ní ìdánudúró lẹ́yìn sílébù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí pẹ̀lú wúwo, fúyẹ́, wúwo, àti sílébù ìkẹyìn. Ìlà oníméjìlá kò ju pé kí a tún fi ẹyọ kan kún ìparí yẹn, kí ó di wúwo, fúyẹ́, wúwo, fúyẹ́, àti ìkẹyìn. Akéwì náà dà bí oníjó tí ó lè fi ẹsẹ̀ ré ẹsẹ̀ bí ó ti wù ú nígbà tí ìlù ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ kùnà láti bá onílù kanlẹ̀ ní ìparí. Nínú ìdàpọ̀ òmìnira àti ìdè yìí ni ẹwà orin náà wà lójú tèmi. Ẹni tí ó bá fi etí sí Trishtubh tí a ké dáradára yóò gbọ́ bí ìlà ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ títí dé ibi ìdánudúró, tí ó sáré díẹ̀, tí ó sì wá fi ìwúwo tẹlẹ̀ ní òpin, ìlà lẹ́yìn ìlà.

Àwọn ẹsẹ pẹ̀lú ní bí wọ́n ti ń bára wọn ṣe ẹgbẹ́. Ẹsẹ Gayatri sábà máa ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí pé mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn akọrin ń mú wọn lò níbi ẹbọ Soma. Nínú ìwé kẹjọ, níbi tí orin ìdílé Kanva pọ̀ sí, ẹsẹ Brihati kan ni a máa ń so mọ́ ẹsẹ òmíràn tí ìlà rẹ̀ ń lọ ní méjìlá, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́jọ, tí méjèèjì á wá di ọ̀kan, tí a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ mìíràn.

Ìtàn kan wà nínú Aitareya Brahmana, ìwé àwọn àlùfáà tí ń ṣe àlàyé ẹbọ, tí ó sọ bí òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti ní iye tí wọ́n ní. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀run ni Soma wà, kò tí ì dé ilẹ̀ ayé, àwọn òrìṣà àti àwọn aríran sì ń wá ẹni tí yóò lọ mú un wá. Wọ́n bẹ àwọn òṣùwọ̀n lọ́wẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì di ẹyẹ. Sílébù mẹ́rin péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní ní àkókò náà. Jagati ni ó kọ́kọ́ fò. Ó rẹ̀ ẹ́ ní agbedeméjì ọ̀nà, sílébù mẹ́ta bọ́ lára rẹ̀, ó sì fi ẹyọ kan ṣoṣo padà wálé. Trishtubh gbéra, òun náà kò débẹ̀, ó sọ ẹyọ kan nù, ó ku mẹ́ta. Nígbà náà ni Gayatri, èyí tí ó kéré jù láàárín wọn, na apá ìyẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré mọ, kì í ṣe mímì adìẹ: Gayatri dé ọ̀run, ó dẹ́rù ba àwọn olùṣọ́ Soma, ó fi ẹsẹ̀ àti ẹnu gbá Soma mú, ó sì ṣa àwọn sílébù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nù ní ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ náà, Krishanu, ta á lọ́fà, ọfà náà sì gé èékánná ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ tí ó di òòrẹ̀. Ṣùgbọ́n Gayatri kò jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò: mẹ́rin tirẹ̀, mẹ́ta ti Jagati, ọ̀kan ti Trishtubh, wọ́n di mẹ́jọ, òun sì ni iye sílébù tí ó wà nínú ìlà Gayatri títí di òní. Nígbà tí Trishtubh kò lè fi mẹ́ta tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gbé ẹbọ ọ̀sán dúró, Gayatri fi mẹ́jọ ràn án lọ́wọ́, ó di mọ́kànlá. Nígbà tí Jagati kò sì lè fi ẹyọ kan gbé ẹbọ ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi mọ́kànlá kún tirẹ̀, ó di méjìlá.

Ẹni tí ó bá rò pé àlọ́ lásán ni èyí, kí ó wo bí wọ́n ti fi í ṣe àkóso ìgbésí ayé wọn. Ìfún omi Soma ti òwúrọ̀, Gayatri ni ó ni ín. Ti ọ̀sán, Trishtubh. Ti ìrọ̀lẹ́, Jagati. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin àtijọ́ wọn wí pé ọmọ àlùfáà yóò wọlé ẹ̀kọ́ Veda ní ọdún mẹ́jọ, ọmọ jagunjagun ní ọdún mọ́kànlá, ọmọ àgbẹ̀ àti ti oníṣòwò ní ọdún méjìlá, gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye sílébù inú ìlà òṣùwọ̀n tí wọ́n kà sí ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí àlùfáà tó ké orin kan, ó ní láti kọ́kọ́ dárúkọ mẹ́ta: ti aríran tí ó rí orin náà, ti òrìṣà tí a kọ ọ́ sí, àti ti òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, síbẹ̀ ọmọdé ni wọ́n gbé ẹrù yìí rù. Ọmọ á kọ́kọ́ gbọ́ orin bí ó ti ń ṣàn, lẹ́yìn náà á kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ àtijọ́ tí ń jẹ́ Shakalya ti já wọn sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ní méjì-méjì, ọ̀rọ̀ kìíní pẹ̀lú èkejì, èkejì pẹ̀lú ẹ̀kẹta, títí lọ. Èyí tí ó le jù ni ghana, níbi tí ó ti ń lọ síwájú tí ó sì ń padà sẹ́yìn: kìíní-èkejì, èkejì-kìíní, kìíní-èkejì-ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta-èkejì-kìíní, kí ó sì tún lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàtọ̀ sí èyí, èdè Veda ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ àti èyí tí ń já bọ́ láti òkè, gbogbo wọn ni ọmọ sì gbọ́dọ̀ mú bó ti yẹ. Láàárín àwọn Nambudiri ní Kerala, olùkọ́ a máa fi ọwọ́ di orí ọmọ mú, á sì máa gbé e sókè sódò bí ohùn bá ti ń lọ, kí ara pẹ̀lú lè bá ẹnu rántí. Ó sì yẹ kí Yorùbá tí ohùn jẹ́ ẹ̀mí èdè rẹ̀ mọ̀ pé ohùn wọ̀nyí kò ní ọwọ́ rárá nínú òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n sílébù ni ó ń ṣe àkóso ìlà, ohùn ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọdún 2003 ni Àjọ UNESCO kéde kíké Veda gẹ́gẹ́ bí ogún iyebíye tí ẹnu gbé ró, ọdún 2005 ni wọ́n kéde Ifá tiwa, àwọn méjèèjì sì jọ wọ inú ìwé ogún àjọ náà ní ọdún 2008.

Ṣùgbọ́n bí a ti ṣọ́ ọ tó, ẹnu ènìyàn kò lè ṣe kí ó má yí èdè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fi máa to Rigveda ní bí a ti ń ké e lónìí, èdè tí wọ́n ń sọ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó dá orin, ìpè tiwọn sì ti bo ìpè àtijọ́ mọ́lẹ̀ níbi púpọ̀. Ibí yìí gan-an ni òṣùwọ̀n ti di ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ tí ó lókìkí jù nínú gbogbo Veda, èyí tí ó wà nínú ìwé kẹta, orin 62, ẹsẹ 10, tí a kà sí iṣẹ́ aríran Vishvamitra, tí a fi ki òrìṣà oòrùn tí ń jẹ́ Savitri, tí àìmọye ènìyàn ń ké ní àràárọ̀ títí di òní. Gayatri ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ó sì yẹ kí sílébù rẹ̀ jẹ́ 24. Bí a bá kà á bí a ti ń ké e, 23 ni. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ, nichrid, ìyẹn ẹsẹ tí ẹyọ kan dín nínú rẹ̀. Inú ìlà kìíní ni àbùkù náà wà, ọ̀rọ̀ tí ó sì parí ìlà náà ni varenyam, tí a ń pè ní sílébù mẹ́ta, va-re-nyam. Bí a bá pè é ní va-re-ni-yam, gẹ́gẹ́ bí ìpè ìgbà tí a dá orin náà, ìlà pé mẹ́jọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀: va fúyẹ́, re wúwo, ni fúyẹ́, yam sì wà ní ipò ìkẹyìn tí ó ní òmìnira, èyí tí í ṣe ìparí tí òfin ìlà onímẹ́jọ béèrè gan-an, nígbà tí ìpè onísílébù mẹ́ta ń da ìparí náà rú pátápátá. Iye jẹ́rìí, ìwọ̀n sì jẹ́rìí, ẹ̀rí àwọn méjèèjì kò takora.

Irú rẹ̀ ni ti ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń ki Agni, èyí tí ń sọ ọ́ di aláwẹ̀nùmọ́. Gbogbo ibi tí ó ti hàn ni àwọn olùkọ́ ti ń pè é ní pavaka pẹ̀lú fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ní gígùn àti èkejì ní kúkúrú. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ń fi yé wa pé àkọ́kọ́ ni ó kúrú, pé èkejì ni ó gùn, nítorí pé bí a bá yí wọn padà bẹ́ẹ̀, ìlà a tò. Kò sí ìwé tí ó sọ fún wa, kò sí olùkọ́ tí ó rántí. Ìlà nìkan ni ó rántí. Lẹ́yìn tí ọ̀mọ̀wé Max Müller ti tẹ Rigveda jáde pẹ̀lú àlàyé tí Sayana, ọ̀mọ̀wé ará Íńdíà àtijọ́, ṣe lórí rẹ̀ láàárín ọdún 1849 àti 1874, àwọn ọ̀mọ̀wé gbájú mọ́ irú ẹ̀rí yìí: Hermann Oldenberg ní Jámánì ní ọdún 1888, E. V. Arnold nínú ìwé rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Veda ní ọdún 1905, títí Barend van Nooten àti Gary Holland fi tẹ odindi Rigveda ní ọdún 1994 pẹ̀lú ìpè tí òṣùwọ̀n béèrè.

Láti inú kíka sílébù yìí ni ìmọ̀ ìṣirò kan ti yọ. Pingala, tí ó gbé ayé ní bí ọ̀rúndún díẹ̀ kí a tó bí Jésù, ṣe ìwé kúkúrú kan lórí òṣùwọ̀n, ó sì béèrè pé: bí sílébù kan bá lè fúyẹ́ tàbí kí ó wúwo, oríṣi ìlà mélòó ni a lè tò? Sílébù kan, oríṣi méjì; sílébù méjì, oríṣi mẹ́rin; sílébù mẹ́ta, oríṣi mẹ́jọ; nígbà tí a bá fi dé orí sílébù mẹ́jọ, wọ́n ti di 256. Ó kọ́ni bí a ó ti to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ kí ọ̀kan má sọnù, àti bí a ó ti mọ iye wọn láìtò wọ́n. Ní ọ̀rúndún kẹwàá lẹ́yìn ìbí Jésù, Halayudha ṣe àlàyé ìwé náà, ó sì to nọ́ńbà bí òkè tí orí rẹ̀ ṣóńṣó tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, tí a fi orúkọ òkè mímọ́ Meru pè. Bí ìlà bá ní sílébù mẹ́rin, ipele tirẹ̀ ni 1, 4, 6, 4, 1: ìlà kan tí kò ní ìwúwo rárá, mẹ́rin tí ó ní ẹyọ kan, mẹ́fà tí ó ní méjì, mẹ́rin tí ó ní mẹ́ta, ọ̀kan tí ó wúwo délẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn òyìnbó fi orúkọ Blaise Pascal ará Faransé sọ, ẹni tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Orin Veda kò sì dá nìkan wà nínú ìdílé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìráànì, orin Gatha tí a kà sí ti wòlíì Zarathustra wà ní èdè tí ó jẹ́ ọbàkan Sanskrit, a sì rí ìlà onísílébù mọ́kànlá nínú wọn tí ó ń dánu dúró lẹ́yìn sílébù kẹrin, bí ti Trishtubh. Àwọn wọ̀nyí kàn ń ka iye ni, wọn kò ka ìwọ̀n. Èyí ni ó mú kí a gbà pé kíka sílébù ti wà nílé bàbá àwọn méjèèjì kí wọ́n tó yà.

Nínú gbogbo wọn, Anushtubh ni ó rìn jìnnà jù. Nínú Rigveda, kò lókìkí tó Trishtubh tàbí Gayatri, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn akéwì tún un ṣe, wọ́n yí ìparí ìlà kìíní àti ìkẹta padà sí fúyẹ́, wúwo, wúwo, àti ìkẹyìn, wọ́n sì jẹ́ kí ìlà kejì àti ìkẹrin di ìparí àtijọ́ mú, kí etí lè mọ ibi tí ẹsẹ pín sí méjì. Ó di shloka, òun ni a sì fi so èyí tí ó pọ̀ jù nínú Mahabharata àti Ramayana, ewì ìtàn akọni ńlá méjì ti ilẹ̀ Íńdíà. Ti Trishtubh yàtọ̀. Àwọn akéwì ààfin ti ìgbà ẹ̀yìn fi òfin de sílébù mọ́kànlá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò fi sí èyí tí akéwì lè yàn fúnra rẹ̀ mọ́ yàtọ̀ sí ẹyọ díẹ̀. Iṣẹ́ wọn dán, ó sì ní iyì, ṣùgbọ́n èmi a máa ṣe àárò ìlà àwọn ará Punjab àtijọ́, tí ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń kọrin.